Éṣíà Kò Jìnnà sí Ìyànà Ìbà

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní Ìyànà Ìbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ń dù láti wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà, tí àwọn oníṣòwò Alábà ń sáré kí oòrùn tó mú, tí àwọn ìyá tí ó ń kó ẹrù lọ sọ́jà sì ń bá kọ́ńdọ́kítọ̀ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, tí onítọ̀hún sì fara balẹ̀ wo ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, yóò mọ̀ pé Éṣíà ni ó ń kọjá níwájú òun láìsí ẹni tí ó kí i káàbọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a fi orúkọ Buba Marwa, ọ̀gágun tí ó ṣe àkóso Èkó láti 1996 sí 1999, pè yìí, ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá. Fóònù tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń tẹ̀, Ṣáínà ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Àǹkárá tí ìyá oníṣòwò ró, ní erékùṣù Java ni ìyá ńlá rẹ̀ wà. Àní ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tí àwa ará ẹ̀yìn Mile 2 ń retí kí ó nà dé Òkókómáíkò kí ara lè tù wá díẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà ni ó ń fi irin rẹ̀ lélẹ̀.

Ẹ wá bi àwọn èrò wọ̀nyí léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń gbé wọn láti ilé dé ibi iṣẹ́, ẹ ó sì gbọ́ pé ọlọ́jà ni wọ́n, pé ẹrù wọn kì í tọ́jọ́, pé wọ́n mọ ayédèrú ṣe ju ojúlówó lọ, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ tètè là kí ó wá owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Guangzhou. Ó tán. Orílẹ̀-èdè tí àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ti ń yọ́ idẹ ṣọnà láti ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ sẹ́yìn, òun ni a sọ orúkọ rẹ̀ di èébú tí a fi ń bú áyọ́ọ̀nù tí kò ju oṣù kan lọ tí ó fi jóná. Ẹni tí ó bá ń bá ènìyàn ná ọjà fún ogójì ọdún, tí kò sì bèèrè ilé baba rẹ̀ rí, ọjà náà nìkan ni ó mọ̀, kò tíì mọ ènìyàn.

Èrò tèmi ni pé, nínú gbogbo ilẹ̀ Oòduà, kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí a kó iṣẹ́ ọnà Éṣíà sí, kí tiwa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò yìí. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní ibi tí a kò ti rí omi ẹ̀rọ mu, ṣé ibẹ̀ ni a ó ti máa wo ère Búdà? Mo mọ ẹ̀rín náà, n kò sì bínú sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwọn ìlú Òyìnbó ti kọ́ irú ilé tí mo ń wí yìí tipẹ́tipẹ́. Ní Paris, Émile Guimet, ọlọ́rọ̀ kan tí ó jẹ́ ará Lyon, ṣí tirẹ̀ ní 1889, àwọn ère òkúta ilẹ̀ Kàm̀bódíà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n dijú rẹ́rìn-ín músẹ́ títí di òní olónìí. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, nínú ilé ńlá tí ó jẹ́ ilé-ìkàwé ìlú nígbà kan rí, ère Búdà kan wà tí a fi idẹ ṣe, tí a fi wúrà pa lára, tí àkọlé ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún 338; kò sí ère Búdà ilẹ̀ Ṣáínà mìíràn tí a mọ̀ tí déètì ara rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Peckham lè wọ bọ́ọ̀sì dé Mùsíọ́ọ̀mù Victoria àti Albert ní South Kensington, kí wọ́n sì wọlé láìsan kọ́bọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti bá ẹkùn Tipu.

Ẹkùn yìí gba kí a dúró wò ó. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹkùn gidi, ẹkùn abìlà ilẹ̀ Íńdíà, tí í ṣe ọmọ ìyá ẹkùn alámì tótòtó tiwa. Ó nà gbalaja lé Òyìnbó kan tí ó dùbúlẹ̀ tòun ti fìlà, ó sì ki eyín bọ ọrùn rẹ̀. Irin ìyípo kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹkùn náà; bí a bá ń yí i, ọwọ́ Òyìnbó náà yóò máa gbé sókè, yóò máa wálẹ̀, fèrè tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa kérora bí ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀, ẹkùn yóò sì máa kùn. Tipu, ọba Mysore, ni ó ni ohun ìṣeré yìí, ọba tí ó fi ẹkùn ṣe àmì ara rẹ̀ tí ó sì kórìíra àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀run. Ní 1799, àwọn ọmọ ogun Ilé-iṣẹ́ East India wọ Seringapatam, wọ́n pa ọba, wọ́n kó ààfin, wọ́n sì gbé ẹkùn náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn ọmọ wọn lè máa fi ọwọ́ ara wọn yí i. Ẹ̀fẹ̀ tí ọba ṣe sí ọ̀tá, ọ̀tá gbé e lọ sílé, ó ń fi í ṣeré. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ iṣẹ́ Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń gbẹ́ ère ní Èkó ní ayé ìjọba amúnisìn, tí ó ń gbẹ́ àwọn Ajẹ́lẹ̀ tòun ti àkẹtẹ̀ líle àti bàtà gígùn, kò nílò ẹni tí yóò ṣe àlàyé ẹkùn Tipu fún un. Àwọn Ajẹ́lẹ̀ tí Odulate ń gbẹ́ kan náà ni ó ń ra ère náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun lónìí. Ìyẹn ni ohun tí lílọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí ó bá mú ojú tirẹ̀ dání: ó lọ wo àlejò, ó sì bá ará ilé pàdé.

Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá kọjá òkun. Ẹ jẹ́ kí a gbé owó ẹyọ kan ṣoṣo lé àtẹ́lẹwọ́. Ó funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gúlútú, ikùn rẹ̀ là pẹ̀lú eyín wẹ́wẹ́ ní ọ̀tún àti òsì. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wà lára Èṣù, ó wà lára adé, ó wà lọ́wọ́ olórìṣà tí ó ń da ẹẹ́rìndínlógún láti mọ ohun tí ọ̀la yóò bí. Ṣùgbọ́n òkun tí ó yí àwọn erékùṣù Maldives ká, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà lọ́hùn-ún, ni a ti kó àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀ wá. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco tí ó ti ṣe adájọ́ ní Maldives, dé ilẹ̀ Mali ní 1352, ó sì bá owó tí ó ti mọ̀ ní ẹsẹ̀ òkun Íńdíà ní ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Inú aṣálẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbà wá. Nígbà tí Òyìnbó dé, ọkọ̀ àwọn ará Hólàńdì àti Gẹ̀ẹ́sì ń rọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ má bàa fì, wọ́n ń gbé e dé Yúróòpù, wọ́n sì tún ń gbé e padà wá sí Ouidah, Àgbádárìgì àti Èkó. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn, tí í ṣe 2,000, ni orí owó kan. Orí owó mẹ́wàá, tí í ṣe 20,000, ni ó kún ọ̀kẹ́. Ajé ògúgúlùsọ̀, tí àwọn baba wa ń pè ní ọmọ Olókun, ọmọ Olókun ni lóòótọ́, àfi pé òkun ibòmíràn ni.

Owó yìí náà ni wọ́n kà lé àwọn ará wa lórí. Ọ̀sà tí ó gba ẹ̀yìn Ọ̀jọ́ kọjá lọ sí Àgbádárìgì ti rí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí ó kó ènìyàn lọ, ó sì ti rí èyí tí ó kó ọ̀kẹ́ owó ẹyọ bọ̀. Ẹni tí ó bá sì rò pé ìgbà tiwa yìí ni owó kọ́kọ́ di bébà lásán, kí ó rántí pé ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Hamburg rí ẹyọ mìíràn tí ó tóbi díẹ̀ ní Zanzibar, tí kò wọ́n rárá, wọ́n sì da á sí etíkun wa lọ́kọ̀lọ́kọ̀ títí iyì owó fi bọ́, tí ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó owó pamọ́ fi jí lọ́jọ́ kan tí ọ̀kẹ́ rẹ̀ kò ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ilé orí, àpótí awọ tí olówó àtijọ́ fi ń tọ́jú ìbọrí rẹ̀, tí a to ẹyọ bò láti ìdí dé ṣóńṣó títí a kò fi rí awọ mọ́. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù káàkiri ayé, gbogbo wọn ni ó sì gbé e sí yàrá Áfíríkà. N kò ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, tiwa ni. Ṣùgbọ́n ara ilé orí kan náà ni ọwọ́ àwọn apẹja Maldives, atukọ̀ Lárúbáwá, oníṣòwò Amsterdam, alágbàtà Àgbádárìgì àti aláwọ Ọ̀yọ́ ti pàdé, kò sì sí ògiri tí a lè mọ láàárín yàrá méjì tí yóò lè pín in. Ilé tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ní irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kò sí irú rẹ̀ rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ó wọ ọkọ̀. Títì tí ó gba iwájú ilé wa, èyí tí eruku àti ẹrẹ̀ rẹ̀ ti fi ojú àwọn ará Òkókómáíkò rí màbo ní gbogbo ọdún tí a fi ń tún un ṣe, òun ni ó gba Ṣẹ̀mẹ̀, Kùtọnu, Lomé àti Ákrà kọjá lọ sí Elmina ní etíkun Gánà. Àwọn Potogí kọ́ odi sí ìlú náà ní 1482, àwọn ará Hólàńdì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1637, àwọn Hólàńdì yìí ni ó sì ń jọba lórí erékùṣù Java àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká ní Éṣíà. Nígbà tí ikú àti ibà ń pa àwọn ọmọ ogun wọn ní ọ̀hún, ojú wọn yí sí Áfíríkà. Láti 1831 títí di 1872, tí wọ́n fi Elmina lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nǹkan bí 3,000 ọkùnrin ni wọ́n kó láti ibẹ̀ lọ jagun fún wọn ní Java, Sumatra àti ibòmíràn. Ní 1837, wọ́n bá Kwaku Dua, ọba Àṣáńtì, dá májẹ̀mú pé kí ó máa fún wọn ní ọmọkùnrin. Ọmọ ọba méjì ni wọ́n sì mú lọ sí Hólàńdì láti fi ẹsẹ̀ májẹ̀mú náà múlẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn, Kwasi Boakye, sì kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà, tí ó sì kú sí Java ní 1904 láìtún fojú kan Kùmásì mọ́. Ẹrú ni púpọ̀ nínú àwọn sójà náà, tí wọ́n rà sílẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ owó ìràpadà wọn nínú owó oṣù wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ọwọ́ tiwọn kò mọ́ tẹ́lẹ̀, pariwo pé òwò ẹrú ni Hólàńdì fi aṣọ ológun bò. Àwọn Hólàńdì ṣèlérí pé ohun tí sójà funfun bá jẹ ni sójà dúdú yóò jẹ. Ìlérí náà kò ṣẹ, àwọn sójà sì dìtẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Belanda Hitam, èyí ni Òyìnbó Hólàńdì dúdú.

Àwọn kan dúró sí Java, wọ́n gbé obìnrin ibẹ̀ níyàwó, ìran wọn sì gbilẹ̀ ní ìlú Purworejo. Àwọn mìíràn padà. Orí òkè kan lẹ́yìn odi Elmina ni wọ́n tẹ̀dó sí, òkè náà sì ń jẹ́ Java títí di ìsinsìnyí. Ní ọdún 2003 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ń tọ́jú ìtàn wọn, Elmina Java Museum, dé, kì í sì í ṣe ìjọba Gánà tàbí ti Hólàńdì ni ó dá a sílẹ̀, bí kò ṣe àwọn ìdílé Ulzen, ìran ọ̀kan nínú àwọn sójà náà, nípasẹ̀ àjọ tí wọ́n fi orúkọ Edward A. Ulzen sọ. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò wá fi òkúta mábù kọ́ ilé fún wọn kí wọ́n tó sọ ìtàn baba wọn.

Ní ti aṣọ, ìtàn kan wà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, pé àpótí àwọn sójà tí ó padà sí Elmina ni batik, aṣọ aláró ilẹ̀ Java, ti kọ́kọ́ jáde ní etíkun wa, tí àwọn obìnrin rí i tí wọ́n sì ń bèèrè irú rẹ̀. Àwọn òpìtàn kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn sójà náà kò pọ̀ tó láti dá ọjà odidi etíkun sílẹ̀, pé òwò àwọn Òyìnbó fúnra wọn ni ó gbé aṣọ náà dé. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé àwọn Hólàńdì fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé batik, pé ilé-iṣẹ́ Vlisco tí ó wà ní Helmond láti 1846 ń ṣe é títí di òní, àti pé ọ̀dọ̀ wa ni ọjà rẹ̀ ti gbé yá jù. Lónìí, Ṣáínà náà ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé àfarawé náà, òun ni ó sì kún Balógun àti Òṣòdì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ojú rí gan-an ni ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ìpìlẹ̀. Obìnrin Java mú ìkòkò bàbà tíńtín kan tí a ń pè ní canting, tí imú rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ó bu ìda gbígbóná sí i, ó sì ń fi í fa ilà sára aṣọ funfun, nítorí ibi tí ìda bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Alàdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta mú ìyẹ́ adìyẹ, ó tì í bọ ẹ̀kọ láfún tí ó ti dì díẹ̀, ó sì ń fi í ya Olókun, tàbí kí ó ya Ìbàdàndùn tòun ti òpó gbọ̀ngàn Mápó, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá gbẹ sí, aró kò ní wọ ibẹ̀. Aró ẹ̀lú tiwa, aró tiwọn; ọgbọ́n kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó nínú yàrá kan ní Ìbà, kí ọ̀kan má gbọ́ èdè èkejì rárá, wọn yóò ti mọ iṣẹ́ ara wọn kí omi tó hó. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀mọ̀wé kan ń kéde pé àǹkárá kì í ṣe aṣọ wa, pé kí a bọ́ ọ dànù, n kì í dá a lóhùn. Aṣọ tí a fi sin bàbá wa, tí a fi ṣe ìkómọ ọmọ wa, tí ẹgbẹ́ dá, tí ìjọ dá, ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbà tọ́, kò burú kí a mọ ìyá tí ó bí i.

Bí ti àwọn Elmina bá sì jọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn, kí a sọ ti ilé. Ogun Hitler kó àwọn baba wa lọ sí Éṣíà. Díífíṣọ̀nù kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá àwọn Jàpáàn jà nínú igbó Bọ́mà láti ìparí 1943 títí di 1945, orúkọ ibi tí wọ́n sì ti jà ni a fi sọ bárékè wa: Dodan ní Ìkòyí, Arakan ní Àpápá, Letmauk ní Ìbàdàn. A ń pè wọ́n lójoojúmọ́, a kò sì bèèrè ohun tí a ń pè. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé, gba ọta ìbọn lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan, ní Arakan, ní 1944. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ fọ́n ká, ó sì kù sí ẹ̀yìn ọ̀tá tòun ti ẹnì kan péré. Mùsùlùmí àgbẹ̀ kan ní abúlé ibẹ̀, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, gbé wọn pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń fún wọn ní ìrẹsì, ó sì mọ̀ pé bí Jàpáàn bá rí wọn nínú ilé òun, ìdílé òun parẹ́ nìyẹn. Fadoyebo padà sílé, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó sì wà láàyè títí di 2012. Ọmọ Ẹmùrè-Ilé àti ọmọ Arakan, ta ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn? Èmi rò pé ìtàn yìí tó ohun tí ó yẹ kí ọmọ iléèwé Ọ̀jọ́ rí lára ògiri, ní àdúgbò tí bárékè ológun wà níwájú rẹ̀, kí ó tó dé orí ère Búdà èyíkéyìí.

Mo ti gbọ́ àríwísí mìíràn tí ó burú ju ti omi ẹ̀rọ lọ. Àwọn olùfọkànsìn yóò ní òrìṣà ni àwọn ère wọ̀nyí, pé a kò tíì jó ti ilé wa tán, a tún ń lọ gbé ti Íńdíà wálé. Kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ni ó ti da epo sí Ìbejì ìyá ìyá wọn, tí wọ́n ṣáná sí i, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Gíríìkì nígbà tí wọ́n bá lọ ìsinmi sí òkè òkun. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wíwò kì í ṣe bíbọ. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jùlọ ní Indonéṣíà, wọn kò sì fọ́ àwọn ère tí àwọn baba wọn gbẹ́ kí Ìsìláàmù tó dé. Wọ́n ń tọ́jú wọn sí mùsíọ́ọ̀mù ní Jakarta, wọ́n sì ń bèèrè èyí tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bíbèèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ sí wa jù. Ní 1978, Hólàńdì dá Prajnaparamita, ère abo òrìṣà ọgbọ́n, padà fún Indonéṣíà. Ní 2023, wọ́n tún gbà láti dá 478 ohun padà fún Indonéṣíà àti Sri Lanka. Lára rẹ̀ ni ìṣúra Lombok tí wọ́n kó lójú ogun ní 1894, àti Ganesha òkúta kan láti Singosari, olórí erin, tí a gbẹ́ agbárí ènìyàn sí ìdí ìjókòó rẹ̀, òrìṣà tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun láìkọ́kọ́ kí i, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tiwa kì í rúbọ kí ó gbàgbé ìpín Ẹlẹ́gbára. Mùsíọ́ọ̀mù ìlú Leiden ni Ganesha yìí wà tẹ́lẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù yẹn kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn idẹ Bìní 119 tí Hólàńdì dá padà fún Nàìjíríà ti jáde, tí a ṣe ayẹyẹ gbígbà wọn ní Oníkan ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Òkúta Java àti idẹ Bìní ti jọ sun inú ilé kan náà ní ìgbèkùn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ bèèrè ni ó kọ́kọ́ lọ sílé. Àwa tí ó ń gbé ẹ̀bá Festac Town kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ní 1977, nígbà tí a tọrọ ìbòjú eyín erin Ìyá Ọba Ìdíà kí a fi ṣe ọdún tí a torí rẹ̀ kọ́ ìlú náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò yá wa, ẹ̀dà tí àwọn oníṣọ̀nà Bìní gbẹ́ ni a lò. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Kí ni mo wá fẹ́ kí a ṣe? N kò tọrọ ilé alájà mẹ́wàá. Mùsíọ́ọ̀mù Oníkan, tí Kenneth Murray ṣí ní 1957, ti ní ẹrù tirẹ̀ tí ó wúwo, ó sì jìnnà sí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbà bí Ìlú Ọba. Yàrá kan ni mo tọrọ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní àyè, ó ní àwọn olùkọ́ ìtàn, ó sì ní akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣọ́ ilé. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbà lè san owó ọ̀dà àti iná. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò Alábà àti Trade Fair, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ èdè Ṣáínà tó láti ná ọjà, mọ ìlú àti ènìyàn tí yóò bá wa ra ohun tí ó níyì lówó pọ́ọ́kú. Àwọn aṣojú Íńdíà, Ṣáínà, Jàpáàn àti Indonéṣíà tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí yóò sì yá wa ní nǹkan bí a bá fi ọ̀wọ̀ bèèrè. Kí a fi ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan síbẹ̀, kí a kà á lójú àwọn ọmọ. Kí a fi batik kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ, kí canting àti ìyẹ́ adìyẹ wà nísàlẹ̀ wọn, kí ọwọ́ lè kàn wọ́n. Kí a gbé ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ Màrúwà àkọ́kọ́ síbẹ̀ kí ó tó di irin àtúntà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé ère Ganesha ẹyọ kan wá láti Íńdíà, kí ó gbé e wá, a ó wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi kẹ́yìn kan ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín jà ní Bọ́mà. Àmì-ẹ̀yẹ onírawọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àpótí ọ̀pọ̀ ilé láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ta á fún àwọn tí ó ń ra irin kiri àdúgbò. Ẹ kọ orúkọ bàbá yín sí ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ohun tí ó sọ fún yín nípa ibi tí ó jà dé, ẹ ya fọ́tò àmì-ẹ̀yẹ náà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á pamọ́.